Àwòrán Tí Aáyán Kọ́kọ́ Rí

Ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ta ló ti se oúnjẹ fún aáyán rí, tó tún fi férémù gbé e kọ́ fún wọn? Àbí èmi nìkan ni? Ó dáa, ẹ má dáhùn, mo mọ̀ pé èmi nìkan ni. Dèjì lorúkọ mi. Mo ti jáde ìwé girama, mò ń retí kí yunifásítì kan rántí mi, wọn ò sì tíì rántí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí ni kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa n'Ikosi, kí n máa tẹ fóònù, kí Mọ́mì máa wò mí bí ìgbà tí wọ́n ń wo ìrẹsì tó jóná. Kí wọ́n lè rò pé iṣẹ́ gidi ni mò ń fi fóònù ṣe ni mo ṣe ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ọdún yẹn sílẹ̀, ọdún tí mo wà ní pírámárì fáìfù, tí mo gbọ́n ju gbogbo ayé lọ. Látìgbà yẹn lọgbọ́n mi ti ń dínkù.

Ilé wa ò jìnnà sí títì tí àwọn tírélà ń gbà wọ Mile 12. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni wọ́n ti ń fun fèrè, àwọn tó ń já àlùbọ́sà á máa fi èdè Hausa pariwo síra wọn, mọ́sálásí ẹ̀yìnkùlé á dá sí i, ẹ̀rọ ìlọta Ìyá Rísì á wá kó gbogbo ariwo náà pọ̀, á lọ̀ ọ́ kúnná. Inú ariwo yìí ni Bàbá ti wá bá wa lọ́dún yẹn. Bàbá ni bàbá tó bí Mọ́mì. Apẹja ni wọ́n l'Agboyi, orí omi ni wọ́n ti lo ọjọ́ ayé wọn. Ohun tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fọkọ̀ gbá páìpù àwọn tó ń wa yanrìn, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo ayé ń rí páìpù náà. Bàbá ní páìpù ló wá gbá òun. Mọ́mì ò bá wọn jiyàn. Wọ́n kàn wọkọ̀ lọ sí Agboyi lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n palẹ̀ ẹrù Bàbá mọ́, wọ́n sì mú Bàbá fúnra wọn dání mọ́ ẹrù náà.

Ẹrù ọ̀hún ò pọ̀: àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀, àwọ̀n kan tó ní òjé létí, àtùpà onígíláàsì, igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù, okùn kan, àti pákó ìjókòó ọkọ̀ wọn. Orí pákó yẹn ni Bàbá ń jókòó lé ṣe àlùwàlá. Èmi ni mò ń gbé omi àlùwàlá lọ, èmi náà ni mò ń gbé oúnjẹ wọn. Oúnjẹ gan-an ni wàhálà, torí ẹja. Bàbá á fi ahọ́n kan ẹja lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á ní, "Eléyìí ti sun inú yìnyín fún ọ̀sẹ̀ kan." Mọ́mì á ní, "Bàbá, àná ni mo rà á." "Mo gbọ́, àná lo rà á. Ṣé àná ló kú?" Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo èèyàn: "Jókòó sáàárín!" Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀ nìyẹn kí ọkọ̀ má baà dojú dé. Wọ́n sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo ń gun àga bí ọ̀bọ. Wọ́n sọ ọ́ fún Dádì nígbà tí Dádì ń bínú sí rẹfirí inú tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ tí iná ń ṣẹ́jú pàpàpà, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ fún gílóòbù.

Ẹnì kan tí Bàbá kì í sọ ọ́ fún ni Ọ́ńkù Lékè, àbúrò Mọ́mì, ọmọ tí Bàbá bí gbẹ̀yìn. Yàrá ẹ̀yìn ilé wa ni Ọ́ńkù ń gbé. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," "O ò jí bí," ọ̀rọ̀ ti parí dọjọ́ kejì. Bàbá ti na àjẹ̀ sí i nígbà kan, Ọ́ńkù Lékè ní búrọ́ọ̀ṣì lòun fẹ́. Pátákó ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àwọn gẹrígẹrí ni Ọ́ńkù ń kọ jẹun, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ràn ni kí wọ́n to nǹkan sórí tábìlì, ìkòkò, abọ́, òfìfo ìgò, kí wọ́n jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n máa fi pẹ́ńtì olóròóró yà á, èyí tó wà nínú róbà bíi ti ọṣẹ ìfọyín. Lójú Bàbá, àgbàlagbà tó jókòó ti ìkòkò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò sè é, ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Bàbá gan-an la wá gbé lọ fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ tí Mọ́mì àti Bàbá ti ọ̀dọ̀ dókítà ojú dé, Mọ́mì ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n ti wọ kíṣìnì, wọ́n sì pe Ọ́ńkù Lékè. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà, mo ṣe bí ẹni tí ò létí.

"Dókítà ní ẹ̀gbẹ́ ni ojú wọn ti ń kú bọ̀ wá sáàárín," ni Mọ́mì wí. "Ọ̀kan ti lọ pátápátá. Èyí tó kù, bí ẹni ń gba ihò kọ́kọ́rọ́ yọjú ni wọ́n fi ń wò wá. Oògùn á kàn fà á sẹ́yìn díẹ̀ ni. Kí òjò ọdún yìí tó dá, ihò yẹn lè ti dí."

Ọ́ńkù Lékè fara ti ilẹ̀kùn. Ohùn wọn kéré. "Sístà mi, Bàbá ò tíì wo iṣẹ́ mi rí. Ẹyọ kan báyìí, wọn ò wò ó rí."

"Yà á kíá nígbà náà."

"Kí ni kí n yà?"

"Nǹkan tí wọ́n máa fẹ́ wò ni o, kì í ṣe òfìfo ìgò."

Bí Ọ́ńkù ṣe lọ tọrọ ẹrù ọkọ̀ lọ́wọ́ Bàbá nìyẹn. Mo tẹ̀ lé wọn, torí mi ò kí ń jẹ́ kí eré kankan ṣe lẹ́yìn mi. Bàbá ní, "Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?" "Mo fẹ́ yà wọ́n ni, Bàbá." "Ṣé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ ni?" Ọ́ńkù kúnlẹ̀ síbẹ̀. Bàbá juwọ́ sí wọn: "Kó wọn. Ṣùgbọ́n ìjókòó mi, má fọwọ́ kàn án, mo fi ń ṣe àlùwàlá." Ọ́ńkù Lékè wá to ẹrù náà sínú yàrá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọ̀n wà lórí tábìlì, àtùpà dúró láàárín ẹ̀, igbá wà níwájú, okùn ká bí ejò tó yó, àjẹ̀ fara ti ògiri. Wọ́n tún fi ẹ̀pìyà tútù mẹ́ta sínú abọ́ kí nǹkan lè máa dán níbẹ̀. Ọjọ́ kejì, Mọ́mì wọlé gbálẹ̀, wọ́n rí ẹja, wọ́n sì ṣe ohun tí èèyàn tórí ẹ̀ pé ń fẹja ṣe. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Ọ́ńkù ń jẹ ẹ̀bà tí wọ́n ń yin ọbẹ̀, títí wọ́n fi wo orí ẹja inú abọ́ wọn lójú, tí orí ẹja náà wò wọ́n padà. Bí ẹja ṣe jáde nínú àwòrán nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá kan ohun tí wọ́n máa yà á sí. Èmi tí mo rò pé ibi tó bá ti funfun ni wọ́n ń yàwòrán sí, ọjọ́ yẹn ni wọ́n là mí lójú. Ọ́ńkù ní pákó kì í rọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n tí kò bá gbẹ dénú, á ká, á sì la àwòrán mọ́ra ẹ̀. Síìlì tí wọ́n fi ń bo abẹ́ òrùlé ń mu omi. Èyí tí àwọn kápẹ́ńtà fi ń ṣe ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù dáa, àmọ́ etí ẹ̀ ń wú lásìkò òjò. Aṣọ ló fúyẹ́, òun ló sì lè tóbi. Tóbi yẹn ni gbogbo wa dìmú. Mọ́mì ní kó tóbi, Dádì ní kó tóbi, èmi náà ní kó tóbi, bí ẹni pé wọ́n bi mí. Ojú tó ń kú, kò yẹ ká gbé nǹkan kékeré síwájú ẹ̀. Ọ́ńkù kan férémù tó tó ilẹ̀kùn, wọ́n fi aṣọ nípọn bò ó, wọ́n fà á le, wọ́n sì kàn án níṣòó yí po. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi pé òróró inú pẹ́ńtì máa ń jẹ aṣọ, pé aṣọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu gọ́ọ̀mù, kó gbẹ, kó tún mu ún, kí wọ́n tó kun ọ̀dà funfun lé e. Wọ́n fún mi ní ike gọ́ọ̀mù funfun àwọn kápẹ́ńtà. "Dèjì, ẹ̀ẹ̀mejì. O máa kùn ún tó o bá ti iléèwé dé. Ṣé wàá lè ṣe é?" Mo ní, "Ọ́ńkù, ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Gbogbo ìgbà tí mo bá ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn láyé mi, ẹnì kan máa ń sunkún ni.

Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kan lóòótọ́, ìdajì ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé mo fẹ́ fi páálí kan tírélà, tírélà mi sì nílò gọ́ọ̀mù. Tírélà náà ní táyà mẹ́rìnlá. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ike ti gbẹ, Ọ́ńkù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Mo sá wọ kíṣìnì bí ẹni tí gọ́ọ̀mù ń hù níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí sítáàṣì tí Mọ́mì fi ẹ̀gẹ́ sè fún bùbá funfun tí Dádì ń wọ̀ lọ Jímọ̀ọ̀. Ó wà nínú ìkòkò, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń dán. Mo ronú, kẹ́ ẹ máa wo orí. Bùbá Dádì, tí sítáàṣì bá gbẹ lára ẹ̀, ó lè dá dúró láìsí Dádì nínú. Aṣọ ni bùbá, aṣọ lèyí náà. Mo bu sítáàṣì ládúrú abọ́ méjì, mo fi kun gbogbo ẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ́ńkù dé, wọ́n fi ìka ta á, ó dún. "Dèjì! Ó le dáadáa!" Wọ́n fún mi ní bisikíìtì. Mo gbà á. Mo jẹ ẹ́. Ìtìjú ò sì jẹ́ kí n fún ẹnikẹ́ni ńbẹ̀.

Fún bí oṣù kan, ilé wa ń rùn tọ́pẹ́ńtáìnì tí wọ́n fi ń po pẹ́ńtì, Ọ́ńkù Lékè ń yàwòrán. Wọ́n jẹ́ kí n wọlé tí mo bá ti fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mo rí i bí gíláàsì àtùpà ṣe ń jáde látinú nǹkan tó dà bí ẹrọ̀fọ̀, bí wọ́n ṣe fi tóótó funfun kan sára ẹ̀ tí gíláàsì kàn dédé di gíláàsì. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, omi ti ń wọ àwọn ilé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ara ògiri wa ń làágùn. Nídìí oúnjẹ, Bàbá ti ń na ọwọ́ sí ibi tí kọ́ọ̀pù ò sí. Mọ́mì á rọra ti kọ́ọ̀pù náà bọ́ sábẹ́ ọwọ́ wọn. Mo wá ń gbọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nínú yàrá Ọ́ńkù tí kò bá séèyàn ńbẹ̀. Mo ní òjò ni. Èmi tí mo gbọ́n ju gbogbo ayé lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, a gbọ́ tí Ọ́ńkù Lékè ké, igbe kúkúrú kan báyìí. Gbogbo wa sáré lọ. Aáyán ń tú jáde lẹ́yìn férémù bí ìgbà tí iléèwé bá jáde. Eku ti bá wọn dá sí i láti igun ìsàlẹ̀. Ọ̀rinrin ti bọ́ sáàárín aṣọ àti ọ̀dà, ọ̀dà sì ti ń ṣí bí èèpo iṣu sísè. Àtùpà ti lọ. Igbá ku ìdajì. Mọ́mì fi ìka yẹ ẹ̀yìn aṣọ náà wò, wọ́n gbé ìka símú, wọ́n sì yíjú sí mi tààrà. Wọn ò bi ẹlòmíì.

"Dèjì. Sítáàṣì mi kọ́ nìyí?"

Ẹkún ni mo fi dáhùn. Mo jẹ́wọ́ sítáàṣì, mo jẹ́wọ́ tírélà, mo jẹ́wọ́ mílíìkì kan tí ẹnikẹ́ni ò béèrè. Ọ́ńkù Lékè ò lù mí. Ó sàn kí wọ́n lù mí. Wọ́n kàn jókòó sílẹ̀, wọ́n ní, "Oṣù kan. Sístà mi, oṣù kan lọ, ojú Bàbá ò sì dúró." Ibẹ̀ la ti gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìn wa. Wọ́n ti fọwọ́ tọ ògiri dé ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó mú wọn wá.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Aáyán ti jẹ àwòrán náà, Bàbá," ni Mọ́mì wí.

"Hẹn. Aáyán ti rí i kí n tó rí i." Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Lékè, kí lo tún ní ńlẹ̀ tó o lè yà á sí? Kó wọn wá."

Ọ́ńkù wo Mọ́mì, Mọ́mì wo Ọ́ńkù. Wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lọ sí fàráńdà: pákó tuntun, síìlì, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá jókòó, wọ́n gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ àjẹ̀. Wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀yìn ìka kàn án, wọ́n dẹtí sí i. Wọ́n pọ́n ìka lá, wọ́n fi pa á lára, wọ́n dúró wò ó bóyá ó máa mu ún. "Eléyìí ṣì tutù nínú. Eléyìí, bébà ni, ta ló ń tàn ẹ́? Eléyìí, omi kan ṣoṣo, ó ti kú." Wọ́n wá dìde lórí pákó tí wọ́n jókòó lé, wọ́n nà án sí Ọ́ńkù.

"Bàbá, ìjókòó yín nìyẹn."

"Mi ò tíì fọ́jú tán, mo mọ̀ pé ìjókòó mi ni. Ó ti mu gbogbo omi tó máa mu, ó ti yá gbogbo oòrùn tó máa yá. Kò ní ká mọ́ ẹ lọ́wọ́."

"Ó kéré, Bàbá. Mo fẹ́ kó tóbi kẹ́ ẹ lè rí i."

Bàbá gba pákó náà padà, wọ́n gbé e síwájú ojú kan tó kù, wọ́n fà á sún mọ́ ara, wọ́n tì í síwájú díẹ̀. "Èyí wọ ojú mi. Gbogbo ẹ̀ ló wọlé. Ńlá ìjọ́sí yẹn, ibi tí mo bá wò ni mò ń rí, ibi tí mi ò wò ti sá lọ. Tí mo bá jìnnà sí i, ó di kùrukùru. Mo dúró síbẹ̀ títí, mi ò mọ ohun tó jẹ́."

Ọ́ńkù Lékè ní, "Ẹ ti wá wò ó?"

"Tẹ́ ẹ bá ti jáde," ni Bàbá wí. "Mo máa ń wá."

Mọ́mì wọlé lọ, wọ́n ní ẹ̀wà ń jóná. Kò sẹ́wà kankan lórí iná lọ́jọ́ yẹn.

Ọ́ńkù fi sáńpépà fá pákó náà títí òórùn ẹja fi kúrò, wọ́n fi gọ́ọ̀mù kùn ún fúnra wọn, ẹ̀ẹ̀mejì, èmi jókòó jìnnà réré bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn. Ẹrù ọkọ̀ kan náà ni wọ́n yà sí i, wọ́n ń kun pẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó lè tètè gbẹ. Ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n gbé e fún Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nígbà tí oòrùn mọ́ dáadáa. Bàbá gbé e sójú. Wọ́n pẹ́ ńbẹ̀ débi pé mo rò pé wọ́n ti sùn. Wọ́n wá ní, "Ta ló gbé àjẹ̀ mi dorí kodò?"

"Bàbá?"

"Ibi pẹlẹbẹ lo fi sísàlẹ̀. Òkè ló ń wà. Tó o bá fi kanlẹ̀, á mu omi ilẹ̀, á là. Ẹni bá rí i báyìí á ní mi ò mọṣẹ́."

Mo rò pé Ọ́ńkù máa bínú. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí, ẹ̀rín tó lómi lójú. Pẹ́ńtì náà ò tíì gbẹ tán, ìwà òróró nìyẹn, ó ń fúnni láyè. Wọ́n fi àkísà tí wọ́n rì bọ tọ́pẹ́ńtáìnì nù ún kúrò lójú wa níbẹ̀, Bàbá sì jókòó tì wọ́n, wọ́n mú àjẹ̀ gidi dání, wọ́n dì í mú bó ṣe yẹ kó dúró, láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbáko, apá wọn ò sì gbọ̀n. Ọjọ́ kẹta, wọ́n tún gbé pákó náà sójú. Wọ́n ní, "Àjẹ̀ mi nìyí." Wọ́n yíjú sí Ọ́ńkù. "O kú iṣẹ́, Lékè." Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé ilé wa, ẹ ò lè mọ ohun tíyẹn jẹ́. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá ti ń bá Ọ́ńkù nídìí àwòrán láti kékeré, "O kú ìjókòó" ni wọ́n ń kí i. Ọ́ńkù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú pẹ́ńtì lọ́wọ́. Mo fẹ́ sọ pé ṣebí sítáàṣì mi ló jẹ́ kí wọ́n rí pákó tó wọ ojú Bàbá, Mọ́mì sì wò mí kí n tó lanu.

Òjò ò tíì dá lọ́dún yẹn tí ihò kọ́kọ́rọ́ fi dí. Mi ò lè sọ ọjọ́ pàtó, torí Bàbá ò sọ fún ẹnikẹ́ni; wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í di èjìká mi mú tá a bá ń rìn. Àwòrán náà wà ní pálọ̀, lókè àga wọn. Èmi wá di ojú wọn láti ìgbà yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ojú tó ń purọ́ sì ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé kìnnìún kọjá ní Ketu, wọ́n á ní irú ọkọ̀ wo ló wọ̀. Òní, wọ́n fẹ́ lọ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn l'Agboyi, wọ́n ti wọ fìlà láti àárọ̀, mo sì sọ pé kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín gan-an nípa Bàbá ni pé

"Dèjì! Ṣé inú fóònù yẹn lo fẹ́ kú sí ni? Omi ti ń fà o! Wá fún mi ní èjìká, jẹ́ ká máa lọ!"

Mò ń bọ̀, Bàbá.